Ta Ló Ní Kí Òǹwòran Panu Mọ́?

Gbólóhùn kan wà tí etí mi kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Wàá jáde nílé sinimá, tàbí kí o pa tẹlifíṣàn, wàá ní fíìmù tí o wò tán yìí kò lórí, kò nídìí. Kó tó di pé o sọ ohun tó fà á, ẹnì kan á ti dá ọ lóhùn: "Bó bá rọrùn, lọ ṣe tìẹ." Lójú ẹni tó sọ ọ́, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Àwọn òṣèré ń sọ ọ́, àwọn olùdarí ń sọ ọ́, àwọn tí kò mọ iwájú kámẹ́rà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí l'Ágùdà, mo gbọ́ ọ nínú dáńfó ní Ojúẹlẹ́gbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yunifásítì tí wọn kò tíì bí nígbà tí fíìmù Ṣaworoidẹ jáde ní 1999.

Gbólóhùn náà lẹ́gbọ̀ọ́n, ó lábùúrò. "Iṣẹ́ tiwa-n-tiwa ni, ẹ má bà á jẹ́." "Kí lo mọ̀ nípa fíìmù?" "Ó pa bílíọ̀nù, ìwọ ń sọ pé kò dára!" Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń wá: kí òǹwòran sanwó, kó pàtẹ́wọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó sanwó, tó jókòó, tó wò ó dópin ni adájọ́ fíìmù, ì báà jẹ́ pé kò mọ lẹ́ńsì yàtọ̀ sí awò ojú.

Tó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ǹ bá gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n Sùúrùlérè l'Ékòó, tó ni Àgùdà àti Ojúẹlẹ́gbà! Àdúgbò yìí wà lára ibi tí wọ́n ti tọ́ Nollywood dàgbà. Ní àwọn ọdún 1990 títí wọ 2000, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ òṣèré, Winis Hotel ni wọ́n máa júwe fún un. Ibẹ̀ ni àwọn aṣefíìmù ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa lò. Ilé ìgbafẹ́ O'Jez ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè, àwọn òṣèré ló ń lọ najú níbẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ilé sinimá wà ní Leisure Mall, ní Adéníran Ògúnsànyà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù àti àwọn tó ń wò ó sì lè pàdé níbi tí wọ́n ti ń ra ata. Ibi tí aláré àti òǹwòran ti mojú ara wọn báyìí ni wọ́n wá ti ń sọ fún òǹwòran pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kì í ṣe ẹjọ́ òfo o, n ó sì rò ó bí wọ́n ṣe máa rò ó fúnra wọn. Wọ́n ní ogun ni fíìmù ṣíṣe ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ ya ìran kan ṣoṣo lójú títì Èkó, kó tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti dé, wọ́n fẹ́ gba tiwọn. Kó tó san tàwọn yẹn tán, àwọn mìíràn á yọ láti òpópónà kejì, wọ́n á ní àwọn tó kọ́kọ́ gbowó kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Iná á lọ. Jẹnẹrétọ̀ á máa kùn, ariwo rẹ̀ á wọnú ohùn òṣèré. Òjò á rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ oòrùn sínú ìwé eré. Olówó tó ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́wàá á mú mẹ́ta wá, á sì ní kí wọ́n fi àbúrò ìyàwó òun ṣe olorì.

Bí wọ́n bá sì la gbogbo ìyẹn já, olè ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Ó kó owó lé fíìmù Ọ̀run Móorù ní 1982, àwọn jàgùdà tó ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ọrùn ọkùnrin tó ti pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń bá mi jiyàn máa ń bi mí pé, lójú irú ìyà báyìí, ṣé ó yẹ kí ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, tó ń jẹ gúgúrú, máa ṣe ìyọ̀ṣùtì?

Wọ́n tún ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Hollywood kò ní bá wa sọ ìtàn Ọ̀yọ́ tàbí ti Ẹ̀gbá. Bí àwa fúnra wa bá tún wá ń bu àwọn ọmọ wa tó ń sọ ọ́ kù, ta ni yóò yìn wọ́n? Wọ́n ní òǹwòran kò kọ́ ọ: ẹni tó ń ta ṣòkòtò ní Tẹ́júoṣó, kí ló mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán pọ̀? Wọ́n wá ní ọjà ti dájọ́. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá wa; ọdún kan lẹ́yìn náà, Everybody Loves Jenifa tòun kan náà kọjá rẹ̀. Ta wá ni ìwọ tó ń sọ pé ibì kan kò dùn?

Ẹjọ́ wọn nìyẹn, n kò bu nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ó wá yá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyà. Mo gbà pé wọ́n jìyà. Ṣùgbọ́n ìyà kọ́ ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò. Bí ìyà bá ń sọ fíìmù di rere, fíìmù tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ jù ni kó máa gba ẹ̀bùn. Ta sì ló sọ pé aṣefíìmù nìkan ló ń jìyà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní 2024 ni ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Ní ọ̀pọ̀ ilé sinimá, tíkẹ́ẹ̀tì kan ti ń tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì: 20,000 náírà ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan gúgúrú, kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀ṣà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù yẹn lọ. Àwọn wọ̀nyí náà tọ́jú owó, wọ́n fi oúnjẹ du ara wọn, wọ́n jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n sì dé. Kí ló dé tó jẹ́ pé àánú ẹni tó gbowó nìkan ni wọ́n ń ní ká ṣe?

Ta ló tilẹ̀ pa Bàbá Sàlá lára? Ṣé òǹwòran tó ní àwàdà ibì kan gùn jù ni? Olè ni. Ta ló pa Ògúndé, ọ̀gá eré orí ìtàgé, lẹ́nu mọ́ ní 1964, lẹ́yìn tó ṣe eré Yorùbá Ronú? Ṣé ìyá oníṣu tó ní orin rẹ̀ kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ ni? Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́, ó sì di 1966, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn. Ẹ wá gbogbo ìtàn eré Yorùbá wò láti ayé alárìnjó, kí ẹ fi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo hàn mí tó jẹ́ pé ẹnu òǹwòran ló tú u ká. Àwọn tó ṣe eré ní jàǹbá ni àwọn tó jí i gbé àti àwọn tó ní kí ẹnu dákẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ fún òǹwòran pé kó dákẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí òun ń tò sí.

Ká wá sórí "lọ ṣe tìẹ" fúnra rẹ̀. Láti Leisure Mall dé Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè kò jìnnà. Ní Oṣù Kẹta 1980, ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, tí a gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni ojú ti tì wá ní Oṣù Kejì 2000, tí Kamẹrúùnù fi pẹnárítì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé wa. Títí di òní, ẹ lọ bá vọkanáísà èyíkéyìí lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà, ẹ dárúkọ Ikpeba, ọ̀kan nínú àwọn tó gbá pẹnárítì fún wa, fún un. Á sọ òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Á ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù ṣe na ọ̀pá òkè, bó ṣe balẹ̀ lẹ́yìn ìlà, bí réfárì ṣe ní kò wọlé. Á sọ ẹni tí kò yẹ kí kóòṣì fún ní pẹnárítì àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbá a. Ọkùnrin yìí kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni máa ní kó lọ gbá tiẹ̀? Ṣé kóòṣì kankan láyà láti sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jókòó ní Sùúrùlérè pé ẹni tí kò gbá góólù wọlé rí kò gbọdọ̀ pariwo? Wọ́n á fi gbogbo àga inú pápá náà sọ̀kò lù ú.

Ohun tó tún wá burú jù nínú gbólóhùn yẹn ni pé kì í dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí mo bá jáde tí mo ní, "Fíìmù yìí dùn, ẹ lọ wò ó," ṣé wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi? Ṣé ẹnì kan máa sọ fún mi pé n kò tíì ṣe fíìmù rí, nítorí náà n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yìn ín? Rárá o. Wọ́n á gba fídíò mi bí mo ṣe ń yìn ín, wọ́n á gbé e kiri. Òpè tó ń yìn ni ọlọ́gbọ́n, òpè kan náà tó bá fẹnu kan àbùkù padà di òpè. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó lè ṣe é nìkan ló lè dá a lẹ́jọ́, a jẹ́ pé àtẹ́wọ́ wa náà kò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn. Kí wọ́n kó o dá padà, kí wọ́n sì fi owó wa lé e.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé òǹwòran kò mọ nǹkan. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan l'Ágùdà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fíìmù ayé àtijọ́ kan ń lọ lórí tẹlifíṣàn: ọba, ìjòyè, ogun, oògùn. Olorì wọlé, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sunkún nítorí pé kábíyèsí fẹ́ gbé ìyàwó tuntun. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tó kàn wá yá sísọ́ọ̀sì, gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Síìpù ló wà lẹ́yìn bùbá olorì yìí o." Ó tún wò ó dáadáa. "Wọ́n tiẹ̀ wíìfù etí ẹ̀." Onídìrí kò gbé ọwọ́ kúrò lórí tó ń dì, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo irun orí ẹ̀. Àtáṣímẹ́ǹtì ni. Àtáṣímẹ́ǹtì nọ́ńbà kìn-ín-ní." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Láàárín kí olorì tó nu ojú rẹ̀ tán, obìnrin méjì tí kò ka ìwé kankan lórí fíìmù rí ti tú u palẹ̀ láti àtàrí dé ìbàdí. Ẹkún tó ń sun, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Omijé yẹn lè jẹ́ ojúlówó, òṣèré náà lè ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sun ún. Síìpù ti pa á.

Ẹ sọ fún mi, ta ni ọ̀mọ̀wé fíìmù tó máa rí síìpù yẹn ṣáájú ẹni tó ń fi síìpù jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Awakọ̀ dáńfó mọ̀ pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gún régé lórí Afárá Kẹta kì í máa yí ìdarí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì láìdáwọ́ dúró. Bó bá rí i nínú fíìmù, ó mọ̀ pé ojú kan ni ọkọ̀ náà dúró sí. Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ní Ìdí-Àràbà mọ̀ pé aláìsàn tí kò mọ ibi tó wà kì í kun ètè, ó sì mọ̀ pé inú iṣan ni dírípù ń gbà wọlé. Wọn kì í kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá lásán. Onílé mọ bí ayálégbé ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ará ààfin inú eré bá ń sọ Yorùbá Sùúrùlérè. Opó mọ bí opó ṣe ń dákẹ́, ó sì mọ̀ pé kì í fi igbe bẹ̀rẹ̀. Ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ni aṣefíìmù ń yá lò, ó ń ya wọ́n ní àwòrán, ó ń tà á padà fún wọn. Bó bá yà á láìjọ, ta ló tó wọn í sọ?

Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀ràn. Àwọn dà? Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó àti ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Wọn kì í sọ fún ọ bóyá ó dùn. Àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ wọn ńkọ́? Níbi àkọ́wò, wọ́n á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á dì mọ́ ara wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, kálukú á ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní 1966, a rí i bí oníjàálá kan ṣe lè dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lójú agbo pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dìde lójú gbogbo ènìyàn, ó sọ ọ́, eré sì ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ní ó ń ba ìjálá jẹ́. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aṣefíìmù wa lónìí? Ẹlẹgbẹ́ ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi òun sínú fíìmù tó ń bọ̀, akọ̀ròyìn ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun sí àkọ́wò mìíràn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ohun tó máa pàdánù ni òǹwòran, ìyẹn náà ni wọ́n wá ń fọwọ́ bò lẹ́nu. Bí wọ́n bá sì ní kò kọ́ ọ, Oṣù Kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán tó ń rìn hàn ní Glover Hall l'Ékòó. Ó ti lé ní 120 ọdún tí ará Èkó ti ń wo fíìmù. Ẹ̀kọ́ wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ ká lọ kọ́?

Ní ti ọwọ́ òsì àti ilé baba, òwe náà dára, àwọn tó ń pa á ni wọ́n pa á sódì. Ẹni tó ní òrùlé ilé baba òun ń jò, ọwọ́ wo ló fi júwe rẹ̀? Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì láti Ìdúmọ̀tà, wọ́n máa ń gé ìtàn láàárín ọ̀nà, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì; a ra apá kejì, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ohun tí a ti wò nínú apá kìn-ín-ní. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán nígbà náà àti ohun tí òṣèré ń sọ kì í mọ ara wọn rí. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ráhùn, àwọn mìíràn kò rà á mọ́. Lónìí, ẹ wo bí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ àwòrán ti já gaara tó. Ṣé àtẹ́wọ́ ló tún un ṣe?

Kí a má sì tan ara wa jẹ. Láti ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2022 tí fíìmù Aníkúlápó ti wà lórí Netflix, òun àti fíìmù Kòríà jọ wà lójú kan náà ni. Ọmọdébìnrin tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Bọ̀dé Thomas kò ní sọ ohunkóhun bí tiwa bá sú u. Á kàn sún ìka rẹ̀. Ìka yẹn kò mọ tiwa-n-tiwa. Mélòó ló ti sún báyìí láìsọ ìdí? Ẹni tó dúró láti ráhùn ṣì fẹ́ padà wá; ẹni tó dákẹ́ ti lọ nìyẹn.

Èmi náà ń wò ó, mo sì ń sọ tèmi. Mo fẹ́ràn Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé inú ń bí mi sí i. Arọ́lákẹ́, olólùfẹ́ Sàró, ló lé ẹyẹ àkàlà lọ, òun ni Sàró fi ń mí, àmọ́ bí Sàró bá ti ń di ńlá, fíìmù náà á bá a gbàgbé obìnrin náà, bíi pé ìwà àìmoore ọkùnrin yẹn ti ran ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ó lé ní wákàtí méjì, síbẹ̀ n kò rí Arọ́lákẹ́ tó. Nínú Jagun Jagun tó jáde ní 2023, Fẹ́mi Adébáyọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ògúndìjì dẹ́rù bà mí gan-an nígbà tó bá dákẹ́. Bí oògùn àti ariwo bá ti pọ̀ lójú ogun, ẹ̀rù náà á lọ. Nínú A Tribe Called Judah, Jedidah àti ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún tí baba kálukú wọn yàtọ̀ ni mo fẹ́ máa wò. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nínú ilé yẹn dùn ju olè tí wọ́n lọ jà lọ. Mo lè ṣìnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá rò pé mo ṣìnà, kó wá fi ìran tí mo fojú fò hàn mí, a ó jọ jiyàn dòru. Ṣùgbọ́n kó má bi mí pé fíìmù mélòó ni mo ti ṣe.

Ó ku bílíọ̀nù. Tíkẹ́ẹ̀tì, kí a tó wọlé ni a ń rà á. Owó tó wọlé ń sọ iye ènìyàn tó nírètí pé fíìmù náà máa dùn. Kò lè sọ iye ẹni tó dùn mọ́ nínú. Wọn kì í dá owó padà fún ẹni tó jáde pẹ̀lú ojú tó fà ro. Kí bílíọ̀nù tilẹ̀ má fọ́ wa lójú: bí a bá ka tíkẹ́ẹ̀tì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, bílíọ̀nù kan jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì 250,000. Nígbà tí wọ́n ka orí ní 2006, Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè nìkan lé ní 500,000 ènìyàn. Gbogbo bílíọ̀nù náà kò kó ìdajì Sùúrùlérè jáde nílé, wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà ti dájọ́!

Bó bá sì jẹ́ owó ni ìdájọ́, ẹ jẹ́ ká fi bá wọn lọ dé òpin. Ọ̀run Móorù fi gbèsè sọ́rùn ẹni tó ni ín. A jẹ́ pé fíìmù burúkú ni? Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, èwo nínú wa ló mọ iye tó pa? Èwo nínú wa ló bìkítà? Ìlú Jogbo, Ọba Lápité àti sójà tó gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún 25, nítorí pé òǹwòran ló fi ẹnu gbé e dé ibi tó dé, láti ilé dé ilé, láìsí kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ẹnu tí wọ́n ní kó dákẹ́ yìí náà ni.

Àwọn kan á tún ní, "Ẹ̀yin náà, eré lásán ni o." Nígbà tí a bá ń yìn ín, àṣà ni, ìṣẹ̀ǹbáyé ni, aṣojú ìran Yorùbá ni. Kí ẹnì kan ṣáà ti fọwọ́ kan síìpù, ó ti di eré lásán. Kí wọ́n mú ọ̀kan.

Ẹ̀yin aṣefíìmù, ẹ fi àkọ́wò sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín àti àwọn tó fi owó ràn yín lọ́wọ́ ló ń wá síbẹ̀. Ẹ wá sí Leisure Mall ní Sátidé kejì lẹ́yìn tí fíìmù yín jáde, ẹ fa fìlà bojú, ẹ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹ má wo fíìmù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Orí àwọn ènìyàn ni kí ẹ máa wò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ fóònù bá ti kọ́kọ́ tàn, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tó jẹ́ pé ẹkún ni ẹ kọ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́. Bí iná bá tàn, ẹ tẹ̀ lé wọn sọ̀kalẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn ìyá tó ń ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ ibi tí ìtàn náà ti já mọ́ yín lọ́wọ́. Kò mọ orúkọ yín. Kò mọ̀ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta tí ẹ ń ya àwòrán. Ó sanwó, ó jókòó, ó wò ó tán, ó ní kò dára. Ìdájọ́ nìyẹn, kò sì sí kóòtù kan lókè rẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ.